Bí epo ọ̀kadà ṣe lè pẹ́ nínú táńkì láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàdàn

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu gbàjọba tó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, gbogbo ẹni tó ń gun ọ̀kadà ní Ìbàdàn ti di oníṣirò. Èmi náà di ọ̀kan. Ojóò ni mo ti ń gbéra láàárọ̀. Mo máa ń gba Àgbọ̀wọ́, kọjá iwájú géètì UI, Sámọ́ńdà, Sáńgo, kí n tó gun Mókọ́lá, kí n wá sọ̀ kalẹ̀ sí Dùgbẹ̀. Ọ̀nà náà kò pé kìlómítà 15, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Sáńgo bá dì, ènìyàn lè lo wákàtí kan gbáko lórí rẹ̀. Máṣíìnì mi kì í ṣe ti akérò. Bajaj Boxer kan tó ti rí ayé ni, èmi nìkan ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́, tó sì ń gbé padà.

Nígbà tí epo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì láàárín oṣù méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló tú kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì, tó fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, tó fi súkúrúdíráfà yí ìdè kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, tó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti parí, ẹ máa gbádùn lọ.” Epo kò dín. Ọjọ́ tí táyà ẹ̀yìn jò ni àṣírí tú. Ọmọ fúkanáísà kan ní Àgbọ̀wọ́ gbé e sórí dúbù sítáńdì, ó fọwọ́ yí táyà kó tó tú u, táyà dúró gbàgà. Ó fọwọ́ kan àárín rẹ̀, ó sì yára fà á padà. “Dàdí, bíréèkì yín ń di táyà mú o. Ẹ wo bó ṣe gbóná.” Àṣé owó epo tí mo ń san, bíréèkì ni ẹ́ńjìnnì fi ń bá jìjàkadì láti Ojóò dé Dùgbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi to àwọn ìgbésẹ̀ yìí bí mo ṣe tò wọ́n. Ìkẹyìn ni mo fi kábúrétọ̀ sí. Nínú gósílóò, ohun tó ń jẹ epo jù ni àwọn nǹkan tó ń fa máṣíìnì sẹ́yìn láìpariwo, àti ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń gùn ún.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn epo kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

“Mo ra ẹgbẹ̀rún méjì lánàá, ó ti tán” kì í ṣe ìwọ̀n. Owó epo ń yí, ojú pọ́ǹpù kò sì dọ́gba. Lítà àti kìlómítà ni kí ẹ fi ṣe é.

Ẹ lọ sí ilé epo tí ẹ fọkàn tán. Ẹ gbé máṣíìnì sórí dúbù sítáńdì kó dúró ṣánṣán, kí wọ́n rọ epo kún un dé ìdí ọrùn táńkì. Ẹ má jẹ́ kó kan ìdérí, torí oòrùn ọ̀sán á mú epo wú, á sì máa kán sílẹ̀. Ẹ fi fóònù ya àwòrán mítà. Ẹ wá máa gùn ún bí ẹ ṣe máa ń gùn ún, ẹ má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ torí pé ẹ ń wọ̀n ọ́n, títí ẹ ó fi rin kìlómítà 100 ó kéré tán. Ẹ padà sí ilé epo kan náà, ní ìdí pọ́ǹpù kan náà, kí wọ́n tún rọ ọ́ dé ibi kan náà. Ẹ wá pín iye kìlómítà tí ẹ rìn sí iye lítà tó wọlé.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ mítà ọ̀kadà ìgboro wa ti kú tipẹ́. Kò burú. Ẹ fi Google Maps wo bí ilé ṣe jìnnà sí ibi iṣẹ́, kí ẹ sì máa sàmì sínú ìwé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ tí ẹ sì bọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọn tèmi, kìlómítà 138 ni mo fi lítà 4.1 rìn. Díẹ̀ ló fi lé ní 33 fún lítà kan. Máṣíìnì kékeré aláìlo ọ́ìlì nínú epo, láti 100 sí 150cc, yẹ kó lè rin bíi 35 sí 50 nínú ìgboro bí ara rẹ̀ bá dá. Bí tiyín kò bá pé 30, nǹkan kan wà níbì kan. Ẹni tó bá ṣì ń gun àwọn AX100 àtijọ́ tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ẹ má fi tiyín wé tiwa o. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn, díẹ̀ nínú epo á máa gba sàlẹ́ńsà jáde láìjó, kò sí àtúnṣe tó lè mú ìyẹn kúrò pátápátá.

Ìgbésẹ̀ 2: Bíréèkì, táyà, ṣéènì

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí ibí lówó wà, ibí náà ni kò sì ná yín ní nǹkan púpọ̀.

Ẹ gbé máṣíìnì sórí dúbù sítáńdì, ẹ fi sí firí, ẹ fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Ṣéènì á fà á díẹ̀, ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n ó yẹ kó yí dáadáa kó tó dúró. Bó bá ń ṣe ṣìì-ṣìì tó sì dúró lójú ẹsẹ̀, bíréèkì ló ń fara kàn án. Ẹ wá nọ́ọ̀tì tó wà ní ìdí ọ̀pá bíréèkì lẹ́yìn, kí ẹ tú u díẹ̀díẹ̀ títí táyà á fi lọ́ fàlàlà. Ìtẹ̀ ẹsẹ̀ yẹ kó ní ààyè bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ sí mú. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn ín wò ní àdúgbò kí ẹ tó bọ́ sí títì, kí ẹ rí i pé bíréèkì ṣì ń mú bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá tú u tán tó ṣì ń di táyà mú, a jẹ́ pé ìpẹtà tàbí ẹrẹ̀ ti há inú rẹ̀. Kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u fọ̀. Ti iwájú náà, kí ẹnìkan tẹ ẹ̀yìn máṣíìnì mọ́lẹ̀ kí táyà iwájú gbéra, kí ẹ yí i bákan náà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí: ẹsẹ̀ ara wọn. Àwa tí a ti ń gun ọ̀kadà tipẹ́ máa ń sinmi ẹsẹ̀ lórí ìtẹ̀ bíréèkì láìmọ̀. Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín kan tẹ̀ lé yín lẹ́yìn kó máa wo iná ẹ̀yìn. Bó bá ń tàn ní gbogbo ìgbà, ẹ ti mọ ẹni tó ń jẹ epo.

Táyà, àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ti wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, kó tó gbóná. Fúkanáísà tó bá fi ẹsẹ̀ ta á, tó ní “ó ti tó, ọ̀gá,” ẹ sọ fún un kó mú géèjì wá. Lórí ọ̀pọ̀ máṣíìnì irú èyí, 25 psi tàbí díẹ̀ lé ni ti iwájú. Ti ẹ̀yìn jẹ́ 28 bí ẹ bá dá gùn ún, ó lè dé 32 bí ẹ bá gbé ènìyàn. Ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìbòrí ṣéènì tàbí ìwé tó bá máṣíìnì wá, torí ohun tí ilé iṣẹ́ kọ síbẹ̀ borí tèmi. Táyà tó rọ̀ ń tẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa tì í bí ẹni ti ọmọlanke nínú yanrìn. Ẹ má tún fún un jù o. Táyà tó le bí òkúta á máa fò lórí kòtò, á sì máa yọ̀ nígbà òjò.

Ṣéènì ni mo rò pé a ń fìyà jẹ jù ní ìlú yìí. Ẹ fi ìka gbé àárín rẹ̀ nísàlẹ̀ sókè-sódò. Bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ló yẹ kó mì. Ẹ yí táyà kí ẹ wò ó ní ibi mélòó kan, torí ṣéènì tó ti gbó máa ń le níbì kan, á rọ̀ níbòmíì. Ibi tó le jù ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n. Ṣéènì tó fún jù ń jẹ agbára, ó sì ń ba bèárì jẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń fà á, kí àmì tó wà lápá ọ̀tún àti tòsì dọ́gba, kí táyà má wọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wá kán ọ́ìlì jíà 90 sí i lálẹ́ kó lè wọnú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 500 ni kí ẹ tún ṣe é, tàbí lọ́jọ́ kejì òjò ńlá. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí gbogbo ayé ń dà sí ṣéènì yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Ó ti kó eérú irin láti inú ẹ́ńjìnnì, ó sì ń fa yanrìn mọ́ra.

Bí ehín irin tí ṣéènì ń yí lé bá ti mú ṣóńṣó tó sì tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ṣéènì. Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi ti iwájú tó fi ehín kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ síbẹ̀, pé ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀, epo á sì pẹ́. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, òótọ́ lè wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn, ìlú orí òkè méje? Ẹ dán an wò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó pẹ̀lú ẹnìkan lẹ́yìn, ẹ ó rí bí kúlọ́ọ̀ṣì ṣe ń rùn.

Lẹ́yìn nǹkan mẹ́ta yìí nìkan, máṣíìnì mi bọ́ sí kìlómítà 39 fún lítà kan.

Ìgbésẹ̀ 3: Imú rẹ̀, púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ọ́ìlì rẹ̀

Fílítà afẹ́fẹ́ ni imú máṣíìnì. Bí eruku bá dí i, afẹ́fẹ́ kò ní tó, epo á wá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín dúdú ni ẹ ó máa tú. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń yẹ tèmi wò. Bó bá jẹ́ èyí tó dà bíi fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí i, ẹ fún èyí tó pọ̀ jù kúrò kó má ṣe máa kán. Èyí tó jẹ́ bébà, ẹ má fọ̀ ọ́; ẹ gbọn eruku rẹ̀, tàbí kí ẹ ra tuntun. Mo ti rí ẹni tó yọ ọ́ sọnù pé kí ẹ́ńjìnnì lè “mí dáadáa.” Yanrìn ló ń mí símú. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí tú èéfín búlúù.

Ẹ tú púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn tí ẹ bá ti rìn dáadáa, kó sì tutù díẹ̀. Imú rẹ̀ á sọ ìtàn. Bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ gbígbẹ, ara dá. Bó bá dú bí ìdí ìkòkò, epo pọ̀ jù tàbí fílítà ti dí. Bó bá funfun, epo kò tó, ẹ́ńjìnnì sì ń gbóná ju bó ṣe yẹ. Àlàfo ẹnu rẹ̀ máa ń wà láàárín mìlímítà 0.6 sí 0.8. Púlọ́ọ̀gì tuntun kò wọ́n tó epo tí èyí tó ti gbó ń fi ṣòfò, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú.

Ọ́ìlì, iye tí ilé iṣẹ́ sọ ni kí ẹ dà, kó má dín, kó má sì lé. Ẹ ra ti ọ̀kadà. Ọ̀kan náà ni ọ́ìlì tó ń fọ ẹ́ńjìnnì àti kúlọ́ọ̀ṣì nínú ọ̀pọ̀ máṣíìnì wa, àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan sì wà tí wọ́n fi ohun tó ń yọ̀ sí, èyí tó máa ń jẹ́ kí kúlọ́ọ̀ṣì máa yọ̀, kó má di mú. Bí kúlọ́ọ̀ṣì bá ń yọ̀, ẹ́ńjìnnì á pariwo, táyà kò ní sáré, epo á sì máa lọ lásán.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọwọ́ ọ̀tún

Ẹ wo àwa ọlọ́kadà nígbà tí iná ọ̀nà bá fẹ́ dá wa sílẹ̀. Kó tó di àwọ̀ ewé, a ti ń yí ọwọ́ wáà-wáà-wáà, bí ẹni pé ìdíje wà. A ó wá fò jáde, a ó sáré dé ẹ̀yìn máíkírà tó wà níwájú, a ó sì tẹ bíréèkì. Gbogbo agbára tí epo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa, bíréèkì ti sọ ọ́ di ooru.

Ohun tí ó yẹ ká ṣe ni pé ká wo iwájú jìnnà. Bí mo bá ti ń bọ̀ láti Sámọ́ńdà tí mo sì rí i pé iná ẹ̀yìn àwọn mọ́tò ti pọ́n níwájú ní Sáńgo, mi ò fún un lépo mọ́. Mo ń dín ọwọ́ kù, máṣíìnì á fúnra rẹ̀ rọlẹ̀ nínú jíà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀nà á sì ti là kí n tó débẹ̀. Ẹni tó sáré kọjá mi, iwájú níbẹ̀ náà la ó jọ dúró.

Ẹ máa gbéra jẹ́ẹ́, kí ẹ sì tètè máa yí jíà. Lórí máṣíìnì oníjíà mẹ́rin, bí mítà bá ti lé ní 20, mo ti wà ní jíà kejì. Kó tó kọjá 40 díẹ̀, mo ti wà ní ìkẹrin. Ẹ má wá ti àṣejù bọ̀ ọ́ o. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n jìgìjìgì tàbí tó ń lu gbì-gbì-gbì lórí òkè, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún jíà kékeré, ẹ fún un. Fífún un lépo púpọ̀ nínú jíà ńlá lórí òkè burú ju yíyí jíà sílẹ̀ lọ.

Ìdajì kúlọ́ọ̀ṣì ni àrùn gósílóò. Kí ènìyàn máa fi kúlọ́ọ̀ṣì àti epo gbé máṣíìnì dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì wà níbẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ fi bíréèkì dá a dúró. Bí ọkọ̀ iwájú bá ń rìn ẹsẹ̀ kan-ẹsẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kí àyè ṣí díẹ̀ kí ẹ tó sún, dípò kí ẹ máa sún níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà.

Bí ẹ bá mọ̀ pé ìdúró náà á ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Honda pàápàá ṣe ẹ̀rọ kan sínú PCX wọn tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó bá ti dúró. Àwa ò ní ẹ̀rọ, a ní ọwọ́. Àfi bí bátìrì yín bá ti kú tí títa ẹsẹ̀ sì ń gba agbára, ẹ má pa á láàárín títì kí ẹ wá máa ta ẹsẹ̀ nígbà tí tírélà ń fọn fèrè lẹ́yìn yín.

Ní ti sísọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ẹ má fi sí firí, ẹ má sì pa ẹ́ńjìnnì. Epo tí ẹ ó fi ìyẹn rí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ ti yọ ẹ́ńjìnnì tó ń bá bíréèkì ṣiṣẹ́ kúrò. Ẹ fi í sínú jíà, ẹ jọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún pátápátá, kó máa fa ara rẹ̀.

Láàárọ̀, ẹ má fi máṣíìnì sílẹ̀ kó máa gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìbàdàn kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú kan tó, ẹ máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní kìlómítà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì fa ṣóòkù, ẹ rántí dá a padà. Ẹ̀gbọ́n mi kan gun máṣíìnì rẹ̀ pẹ̀lú ṣóòkù ní fífà fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, tó ń bú ilé epo pé wọ́n ti ré òun jẹ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹrù, agbòòrùn àti ọ̀nà

Àwọn akérò tó so agbòòrùn ńlá mọ́ máṣíìnì, mo mọ̀ pé oòrùn ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gbá agbòòrùn yẹn mú bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ká a nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Irin ẹ̀gbẹ́, irin ẹ̀yìn, báàgì irinṣẹ́ tí a kò fi ṣe nǹkan kan láti ọdún tó kọjá, gbogbo rẹ̀ ni à ń gbé gun òkè lójoojúmọ́.

Ọ̀nà tó kúrú jù kọ́ ló ń jẹ epo kéré jù. Lọ́jọ́ tí Sáńgo bá ti dì, mo máa ń yà sí Bódìjà láti UI, mo gba Sẹkitéríàtì bọ́ sí Mókọ́lá. Ó gùn jù díẹ̀, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ìgbà tí ọjà Bódìjà kún, mi ò kì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Àkókò náà tún ṣe pàtàkì ju ọ̀nà lọ: bí mo bá kúrò nílé ní aago 6:40, mo máa ń dé kí ìlú tó jí. Bí mo bá fi di 7:30, mo ti bá àwọn ọmọ iléèwé pàdé.

Àwọn àrékérekè tí kò yẹ kí ẹ náwó lé

Kámfọ̀ nínú táńkì: kò fi kìlómítà kan kún un, kò sì sí ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì fún un. Kẹrosíìnì tí wọ́n ń pò mọ́ epo: púlọ́ọ̀gì á dú, ẹ́ńjìnnì á máa kan. Rírà epo ní ìdájí torí pé epo “wúwo” nígbà náà: inú ilẹ̀ ni táńkì ilé epo wà, ooru rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí láàárín àárọ̀ àti ọ̀sán. Epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a ti mọ̀ ọ́n, omi tàbí kẹrosíìnì lè wà nínú rẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹ rà á, ẹ rọ díẹ̀ sínú ike funfun kí ẹ kọ́kọ́ wò ó. Omi á rọ̀ sísàlẹ̀.

Ìkẹyìn: kábúrétọ̀

Ẹ ti ṣe gbogbo èyí, ẹ ti tún un wọ̀n, ó sì ṣì ń jẹ epo? Ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná. Ẹ fi bébà funfun sábẹ́ máṣíìnì mọ́jú, ẹ yẹ rọ́bà epo àti ẹnu ibi tí a ti ń ṣí epo wò. Epo tó ń kán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti alẹ́ dé àárọ̀ kì í ṣe kékeré.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá mẹkáníìkì tó máa ń gbọ́ràn kó tó yí nǹkan. Ẹ ní kó wo bóyá fúlóòtù inú rẹ̀ ń pa epo bó ṣe yẹ, bóyá jẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ ni ti ilé iṣẹ́, torí àwọn kan ti fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ ihò rẹ̀ gbòòrò. Kí ẹ́ńjìnnì ti gbóná kó tó fọwọ́ kan ìdè kékeré yẹn, kó sì ka iye ìgbà tó yí i kó lè dá a padà. Ẹ má gbà kó fún epo pa torí àtifi owó pamọ́. Máṣíìnì tí epo rẹ̀ kò tó kò ní lágbára, á máa gbóná, ẹ ó sì máa fa ọwọ́ jù láti fi gun òkè. Ẹ tún ní kó wo àlàfo fááfù, torí fááfù tó ti fún jù kì í pa ẹnu dé dáadáa.

Ẹ yí ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n kí ẹ tó yí òmíràn. Nínú ìwé kékeré tí mo ń kọ ọ́ sí, tèmi ti dé 46 fún lítà kan. Mo ń rin nǹkan bíi kìlómítà 180 lọ́sẹ̀. Bíi lítà 5 àti ààbọ̀ ló ń gbà tẹ́lẹ̀, kò pé 4 mọ́. Bí a bá fi lítà kan sí ₦1,000 kí ìṣirò lè rọrùn, owó tí mo ń fi pamọ́ lé ní ₦6,000 lóṣù.

Bí tiyín kò bá yí lẹ́yìn gbogbo èyí, tó sì ń tú èéfín búlúù tí ọ́ìlì rẹ̀ sì ń gbẹ láàárín ìpààrọ̀ méjì, ẹ má ra púlọ́ọ̀gì míì. Ẹ ní kí wọ́n wọn kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ríìngì inú ẹ́ńjìnnì ló ti jẹ, ẹ fi owó pamọ́ dè é.